Lisbon fún ìgbà àkọ́kọ́: àpò ẹ̀yìn kan, ọjọ́ márùn-ún. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Alápò_Ẹ̀yìn · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ọmọ ọdún 23, Leeds ni mo ti ń kàwé. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú Ọba, kíláàsì àti ibi iṣẹ́ nìkan ni ẹsẹ̀ mi mọ̀. Bí mo bá rìn jìnnà jù, mo dé Manchester. Mo wá sọ fún ara mi pé kí n tó parí ẹ̀kọ́ yìí, màá fojú ara mi rí olú-ìlú kan ní ilẹ̀ Yúróòpù. Mo ti gba físà Schengen (wọn ò fún mi ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, bí ẹni ń fi ṣíbí tíì bu oyin fún ọmọdé), mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Lisbon. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni mò ń lọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń bọ̀.

Àpò ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé. Yúrò 250 ni gbogbo owó tí mo ní fún ibùsùn, oúnjẹ àti wọkọ̀. Mo ti gba ibùsùn kan nínú yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn pọ̀, nítòsí Intendente. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, mi ò sì gbọ́ èdè Potogí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, kí ni kí n ṣe, kí ni kí n má ṣe?

---

Ìyá_Àjọkẹ́_Peckham · 8:58 alẹ́

Èèyàn mẹ́jọ nínú yàrá kan? Tọkùnrin tobìnrin? Ọmọ mi, ṣé ìyá ẹ mọ̀ sí i?

Ó dáa, mi ò ní dá ẹ dúró. Ṣùgbọ́n gbọ́: páásípọ́ọ̀tì ẹ, ara ni kó wà, má fi sínú àpò ẹ̀yìn. Àpò ẹ̀yìn ò lójú. Tẹ ìwé ìbánigbófò ìrìn-àjò ẹ sórí bébà, èyí tí wọ́n ní kó tó yúrò 30,000 yẹn, kó o má kàn gbójú lé fóònù. Tẹ ìwé ibi tó o máa sùn náà. Bí ọ̀gá kan bá bi ọ́ ní ibodè, ìwé ni kó o nà sí i, má rojọ́.

Má sì gbé meat pie lọ. Láti ìgbà tí ìlú Ọba ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ẹran àti wàrà láti ọ̀dọ̀ wa ò gbọdọ̀ wọlé síbẹ̀ mọ́. Mẹ́fà ni mo gbé lọ́dún kan, gbogbo ẹ̀ pátá ni wọ́n dà sínú ike ìdọ̀tí lójú mi. Gbígbóná ni wọ́n ṣì wà.

---

Kò_Sówó_Lápò · 9:05 alẹ́

Mummy, meat pie gbígbóná 😭😭 Ọlọ́run á dá a padà fún yín.

Arákùnrin, bó o bá débẹ̀, bá wa bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi sọ Èkó wa ní Lagos láìbi Ọba. Kí wọ́n san owó orúkọ.

---

Àgbà_Amadora · 9:31 alẹ́

Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní ẹ̀yìn Lisbon, kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Láti pápákọ̀ òfurufú, má wọ takisí. Metro wà lábẹ́ ilé náà gan-an. Ra káàdì Navegante lẹ́nu ẹ̀rọ, sẹ́ǹtì 50 ni páálí rẹ̀, kó o wá rọ owó sí i. Zapping ni wọ́n ń pe irú èyí tó o máa rọ. Ọ̀nà pupa ló máa gbé ọ dé Alameda, níbẹ̀ lo ti máa bọ́ sí ọ̀nà àwọ̀ ewé. Intendente ò jìnnà sí i mọ́. Káàdì kan náà yẹn ló ń wọ bọ́ọ̀sì, tram, àti ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò Tagus. Má san owó lọ́wọ́ awakọ̀ tram, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Tram 28 tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀: tó o bá fẹ́ wọ̀ ọ́, jí. Kó o ti dé Martim Moniz kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ìlà tó o máa tò á gùn ju ìrìn náà lọ, àwọn ajáwó á sì ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò wọ aṣọ olè o. Aṣọ àlejò ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú àwòrán ìlú lọ́wọ́.

Bàtà ńkọ́? Òkúta funfun wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi tẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì ń yọ̀ bí ilá. Bí òjò bá kán sí i, ó parí.

---

Alápò_Ẹ̀yìn · 9:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Ti òkè ńkọ́? Mo gbọ́ pé orí òkè méje ni ìlú náà wà.

---

Àgbà_Amadora · 9:44 alẹ́

Ìwọ ọmọ Abẹ́òkúta lò ń bi mí léèrè òkè?

---

Ọmọ_Pópó_Àgùdà · 10:12 alẹ́

Àbúrò, èmi ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ọ. Ìdílé àwọn tó padà dé láti Brazil ni wá, ní Pópó Àgùdà, Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, frejon la máa ń jẹ nílé wa: ẹ̀wà tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi omi àgbọn sí, pẹ̀lú ẹja díndín. Feijão ni wọ́n ń pe ẹ̀wà lédè Potogí, ibẹ̀ ni orúkọ ọbẹ̀ náà ti wá. Ìyá àgbà wa máa ń sọ pé “Àgùdà ni wá” bí ẹni pé Lisbon ni wọ́n bí wọn sí. Bẹ́ẹ̀, wọn ò kọjá Ìbejú rí.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó o bá mi wo ojú ilé wọn dáadáa: ojú fèrèsé, irin tí wọ́n fi ṣe bákónì, òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó jọ ti àdúgbò wa, àbí Brazil nìkan ni tiwa ti wá.

---

Olùkọ́_Ìtàn_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ o. Kò_Sówó, Pọ́túgàl ní Lagos tirẹ̀, ìlú etí òkun kan ní gúúsù, ní Algarve. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1444, ẹrú 235 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti etí òkun Áfíríkà, tí wọ́n pín láàárín ara wọn ní gbangba bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Nítorí náà, tó o bá fẹ́ gba owó orúkọ, ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Ìwọ Alápò, wàá lọ jẹ àkàrà dídùn wọn, mo mọ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìgboro kan wà ní Lisbon tí wọ́n ń pè ní Rua do Poço dos Negros. Poço ni kànga. Kànga Àwọn Dúdú. Ní 1515, Ọba Manuel Kìíní ló pàṣẹ kí wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá kan ní apá ibẹ̀, nítorí pé àwọn tó ni ẹrú ń ju òkú wọn sórí ààtàn kiri, ajá ń jẹ wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa kó òkú náà sínú kòtò, kí wọ́n máa da ẹfun lé e kó lè tètè jẹrà. Ní àárín ọ̀rúndún 16, tó o bá rí èèyàn mẹ́wàá ní Lisbon, bí ọ̀kan nínú wọn ló jẹ́ ẹrú. Èmi ò tíì débẹ̀. Bá mi dé ibẹ̀.

---

Kò_Sówó_Lápò · 7:02 àárọ̀

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ náà gbafẹ́ ná. Ó ń lọ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ ti gbé kòtò òkú lé e lọ́wọ́.

---

Olùkọ́_Ìtàn_Ìbàdàn · 7:15 àárọ̀

Mi ò ní kó sunkún. Mo ní kó dé ibẹ̀.

---

Alápò_Ẹ̀yìn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:48 alẹ́

Mo ti dé o!

Lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú ní ìlú Ọba ni wàhálà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n ti àpò mi sínú àpótí irin tí wọ́n fi ń wọn ẹrù, ó kọ̀, kò wọ̀. Ìka mẹ́ta péré ló fi lé. Mo bá yọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti kóòtù, mo wọ gbogbo ẹ̀ léra, mo di ọ̀rá gàrí méjì sínú àpò kóòtù. Ó wọ̀. Mo wọ ọkọ̀ bí eégún aláṣọ púpọ̀, mo ń làágùn láti ibẹ̀ dé Lisbon.

Ibodè ò le. Ọ̀gá náà wo ìwé mi, ó béèrè ọjọ́ tí mò ń padà, ó lu òǹtẹ̀, ó tán. Èmi tí mo ti ń ka ìwé tí Mummy ní kí n tẹ̀ bí àdúrà.

Nígbà tí mo jáde ní Intendente, mi ò tètè gbéra. Ilẹ̀ funfun, ilé tó fi táìlì bo ara láti òkè délẹ̀, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ewé, ìyeyè. Aṣọ tí wọ́n sá sójú fèrèsé ń kán sí mi lórí. Mo gbọ́ èdè tí mi ò mọ̀ ní apá ọ̀tún, mo gbọ́ èdè mìíràn tí mi ò mọ̀ ní apá òsì. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú yàrá lóòótọ́, ọmọ Kòríà kan wà lórí ibùsùn tó wà lókè mi, ó ti ń hanrun báyìí. Wọ́n gba yúrò mẹ́rin lé owó ibùsùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní owó orí àlejò ti ìlú ni.

---

Ìyá_Àjọkẹ́_Peckham · Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀

Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí lo jẹ lálẹ́?

---

Alápò_Ẹ̀yìn · Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán

Mummy, ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú wà.

Mo wọ ilé oúnjẹ kékeré kan. Kí n tó jókòó dáadáa ni ọkùnrin kan ti gbé búrẹ́dì wá, ó gbé èso ólífì sí i, ó gbé wàràkàṣì wẹ́rẹ́ sí i, bọ́tà, àti ẹja inú agolo tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó lọ. Mo ní, “Ẹ wo èèyàn dáadáa! Wọ́n mọ àlejò tọ́jú.” Mo jẹ gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo nu àwo. Mo tún wá bèèrè fún ọbẹ̀ ewébẹ̀ àti ìrẹsì, nítorí mo ti ro pé mo ti rí àsanpadà owó mi.

Ìgbà tí ìwé owó dé, wọ́n ti kọ búrẹ́dì lọ́tọ̀, ólífì lọ́tọ̀, wàràkàṣì lọ́tọ̀, ẹja lọ́tọ̀. Ohun tí mo pè ní àlejò ṣíṣe ju oúnjẹ tí mo bèèrè fún lọ. Yúrò 17 ni gbogbo ẹ̀. Mo san án, mo sì ń sọ “obrigado, obrigado” (ẹ ṣeun, lédè wọn) bí ẹni tó jẹ̀bi.

---

Kò_Sówó_Lápò · 1:19 ọ̀sán

MO NU ÀWO 💀💀💀

Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ gbọ́n.

---

Àgbà_Amadora · 1:52 ọ̀sán

Ẹ̀bi mi ni. Couvert nìyẹn, mo gbàgbé láti sọ ọ́. Gbogbo wa ló ti jẹ ẹ́ rí. Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ohun tó ò bèèrè fún, tó ò sì fọwọ́ kàn, o kì í san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e wá, kàn sọ pé “não, obrigado”, wọ́n á gbé e lọ láìbínú. Tó o bá fi ìka kan búrẹ́dì, o ti rà á nìyẹn.

Lọ́sàn-án, wá ibi tí wọ́n kọ “prato do dia” sára pátákó. Oúnjẹ ọjọ́ náà ni, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Kọfí kékeré wọn, bica ni wọ́n ń pè é ní Lisbon. Dúró mu ún lẹ́nu káńtà.

---

Ìyá_Àjọkẹ́_Peckham · 2:30 ọ̀sán

Gàrí tó o kó sínú àpò kóòtù yẹn ńkọ́?

---

Alápò_Ẹ̀yìn · 2:34 ọ̀sán

Òun náà ni màá mu lálẹ́ yìí, Mummy. Ọmọ Kòríà yẹn ti béèrè ohun tó jẹ́.

---

Alápò_Ẹ̀yìn · Ọjọ́bọ̀, 10:20 alẹ́

Lónìí, mo rìn títí ẹsẹ̀ mi fẹ́ já.

Mo jí ní aago mẹ́fà, mo wọ tram 28 bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Igi ni inú rẹ̀, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ń gba àárín ilé tó jẹ́ pé tó o bá na ọwọ́ jáde, wàá kan ògiri onílé. Mo sọ̀kalẹ̀ ní Graça, mo gun òkè dé Senhora do Monte. Gbogbo ìlú ló wà nísàlẹ̀: òrùlé pupa, odò, afárá. Bí ìgbà téèyàn bá dúró lórí Olúmọ tó wo Ìtokò. Òtútù mú mi, àmọ́ mi ò fẹ́ kúrò.

Láti ibẹ̀ mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Carmo. Ilé ìjọ ni, kò ní òrùlé. Ọ̀wọ̀n ńlá dúró, egungun òrùlé gbé ara lérí wọn, ojú ọ̀run ló wà láàárín. Ní November 1, ọdún 1755, ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́, àwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, àbẹ́là ń jó níwájú pẹpẹ, ni ilẹ̀ bá mì. Ògiri wó, àbẹ́là dáná sun ìlú, àwọn tó sá lọ sétí odò, omi dìde bò wọ́n. Wọ́n tún ìlú kọ́, ìgboro ìsàlẹ̀ tó tò gbọọrọ bí ìwé onílà ni wọ́n kọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fi Carmo sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ológbò kan sùn síbi tí pẹpẹ yẹ kó wà.

Ọ̀sán, mo wọ tram 15 lọ sí Belém. Mo jẹ pastel, àkàrà dídùn wọn yẹn, nílé àkàrà tó ti ń tà á láti 1837. Méjì ni mo kọ́kọ́ rà. Mo padà lọ ra méjì sí i. Òkè rẹ̀ jó díẹ̀, inú rẹ̀ gbóná, ó ń ṣàn. Wọ́n fún mi ní ìyẹ̀fun igi olóòórùn kan kí n wọ́n ọn sí i. Mi ò ní parọ́, èmi àti Olùkọ́, a ò jọ ronú kan náà lásìkò yẹn.

Ṣùgbọ́n mo wọ ìjọ Jerónimos. Lẹ́nu ọ̀nà, ibojì Vasco da Gama, òkúta funfun, ó sùn, ó pa ọwọ́ pọ̀ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Èèyàn ń tò láti ya fọ́tò. Ní etí odò, wọ́n gbẹ́ àwọn awakọ̀ òkun wọn sára òkúta kan tó rí bí ọkọ̀, 1960 ni wọ́n kọ́ ọ. Mo wo gbogbo ojú tó wà lára rẹ̀. Mo ń wá dúdú kan. Mi ò rí.

---

Ọmọ_Pópó_Àgùdà · 10:41 alẹ́

Ilé ńkọ́? Ilé ńkọ́?

---

Alápò_Ẹ̀yìn · 10:55 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú sí mi. Irin bákónì jọra wọn, òótọ́ ni. Ilẹ̀kùn gíga tó ní fèrèsé kékeré lókè, òun náà jọ ọ́. Àmọ́ tiyín lẹ́wà jù lójú tèmi, nítorí àwọ̀ ati òdòdó sìmẹ́ńtì tí àwọn bíríkìlà yín fi ọwọ́ gbẹ́. Ohun tí tiyín ò ní ni táìlì. Ibi gbogbo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo rí obìnrin àgbà kan tó ń fi kànìnkànìn fọ ojú ilé rẹ̀ bí ẹni ń fọ àwo.

---

Ọmọ_Pópó_Àgùdà · 11:03 alẹ́

Bíríkìlà wa! O ti jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ, mo dúpẹ́. Ilé alájà tó ti ń wó nílé wa ni màá lọ wò lọ́la, mo ti pẹ́ tí mi ò gbójú sókè wò ó.

---

Alápò_Ẹ̀yìn · Ọjọ́ Ẹtì, 9:37 alẹ́

Ẹ jókòó. Lónìí ni mo rí nǹkan.

Àárọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Rossio. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gbàgede kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Largo de São Domingos. Mi ò mọ̀ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo kàn gbọ́ ohùn. Ẹ mọ bí ohùn àwọn bàbá ṣe máa ń rí tí wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi láàárọ̀, tí wọn ò kánjú? Ohùn yẹn ni. Àwọn àgbà dúdú dúró méjìméjì, mẹ́tamẹ́ta, kan wọ agbádá, kan wọ kóòtù. Ọmọ Guinea-Bissau ni púpọ̀ nínú wọn.

Lára ògiri, obìnrin kan jókòó sórí àpótí pẹlẹbẹ. Ó tẹ́ aṣọ tútù sínú agbọ̀n. Ó ṣí i fún ẹnì kan. Obì! Obì pupa àti funfun, tó ń dán, ní àárín Lisbon. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe “Obì!” Ìyá náà gbójú sókè, ó ní “Kola.” Mo ní “Obì.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní “Obì?” bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, àpò ẹ̀yìn ni kò jẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbálẹ̀, ni mo bá fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n rí i, ó yé wọn. Mo ra mẹ́ta, wọ́n mú ọ̀kan sí i. Èènì! Kò sẹ́ni tó fún mi léèní láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Mo bu ọ̀kan jẹ níbẹ̀. Ó korò, mo mu omi lé e, omi dùn. Bàbá kan tó dúró níwájú ìjọ na ọwọ́, mo bù fún un. A ò gbọ́ èdè ara wa. Ó jẹ ẹ́, ó mi orí.

---

Olùkọ́_Ìtàn_Ìbàdàn · 10:02 alẹ́

Awẹ́ mélòó ni obì náà ní?

---

Alápò_Ẹ̀yìn · 10:04 alẹ́

Méjì.

---

Olùkọ́_Ìtàn_Ìbàdàn · 10:20 alẹ́

Gbànja nìyẹn, kì í ṣe àbàtà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, gbànja ni ti apá ọ̀hún.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé. Ní ilé ìjọ São Domingos yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn dúdú Lisbon wà nígbà àtijọ́, Ẹgbẹ́ Ìyá Wa ti Rosary ti Àwọn Ọkùnrin Dúdú. Ẹrú àti òmìnira ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń sin òkú ara wọn, kí wọ́n má bàa jù wọ́n nù. Níwájú ìjọ kan náà, ní 1506, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Júù tí wọ́n fi agbára sọ di onígbàgbọ́. Òkúta ìrántí wọn wà níbẹ̀. Ṣé o wọ inú rẹ̀?

---

Alápò_Ẹ̀yìn · 10:38 alẹ́

Mo wọ ọ́, sà. Ó ti jóná rí, ní 1959, wọn ò rẹ́ ọ̀wọ̀n rẹ̀. Ara òkúta náà bó bí ara iṣu tí wọ́n sun. Mo fi ọwọ́ kàn án.

Mo sì dé Poço dos Negros. Ẹ má retí nǹkan ńlá. Ìgboro tóóró kan ni, ó gba orí òkè wá. Ilé kọfí, ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń gé irun. Tram 28 tí mo gùn lánàá ń gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá, Graça ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Orúkọ náà wà lára ògiri bí orúkọ ìgboro èyíkéyìí. Ọmọbìnrin kan jókòó sí abẹ́ rẹ̀ gan-an, ó ń mu ọtí ọsàn, ó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Mi ò bínú sí i. Mo dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, n ò lè gbàdúrà, n ò lè ya fọ́tò. Mo mú obì kan, mo fi awẹ́ kan sí ẹsẹ̀ ògiri níbi tí òkúta ti ya. Mo jẹ èkejì.

---

Kò_Sówó_Lápò · 10:51 alẹ́

Mi ò ní ṣàwàdà sí èyí. O ṣeun.

---

Aṣèbéèrè_Tuntun · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:11 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mi ò fẹ́ ya ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà: èló ni físà náà, ṣé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà lè gbà á?

---

Àgbà_Amadora · 7:40 àárọ̀

Yúrò 90 ni ti àgbàlagbà, yàtọ̀ sí owó ilé iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè gbà á. Ìwé ìgbélùú rẹ gbọ́dọ̀ ṣì ku oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tó o máa kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ibi tí wọ́n ti ń lé ọ̀pọ̀ padà nìyẹn.

Alápò, òní Sátidé ni. Ọjà Feira da Ladra ń ná ní Campo de Santa Clara, Ìṣẹ́gun àti Sátidé nìkan ni. Tí ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, lọ wo ó. Ọjà Olè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí.

---

Alápò_Ẹ̀yìn · Ọjọ́ Àìkú, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Mo ti padà sí Leeds, òjò ló pàdé mi.

Mo dé ọjà náà, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n tẹ́ ẹrù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bíi Lafẹ́ńwá: bàtà ẹyọ kan, kọ́kọ́rọ́ tí ò ní ilẹ̀kùn, fọ́tò ìgbéyàwó àwọn tó ti kú. Mo ra táìlì kan tó sán létí fún Ọmọ_Pópó_Àgùdà, yúrò méjì lẹ́yìn ìdúnàádúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́fà, mo ṣe bí ẹni ń lọ, ó pè mí padà. Ibì kan ṣoṣo tí èdè Potogí ti yé mi nìyẹn.

Mo tún sọdá odò lọ sí Cacilhas, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Láti òdìkejì, ẹ̀ ń gbọ́ afárá 25 de Abril, irin rẹ̀ ń kùn bí ilé oyin bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá. Orúkọ Salazar, apàṣẹwàá wọn nígbà náà, ni wọ́n fi sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1966, lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ní April 25, 1974 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò gùn tó ìdámẹ́rin Third Mainland wa.

Ọ̀rọ̀ owó, fún ẹni tó ń ṣírò: ibùsùn alẹ́ mẹ́rin pẹ̀lú owó orí àlejò, yúrò 104. Oúnjẹ 83, couvert òkìkí wà nínú rẹ̀. Wọkọ̀ 24. Owó ìwọlé, obì àti táìlì, 20. Yúrò 19 ló kù lọ́wọ́ mi. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan lórí òkúta funfun yẹn, níwájú àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n gbé mi dìde.

---

Ọmọ_Pópó_Àgùdà · 4:20 ìrọ̀lẹ́

Táìlì? Èmi? Kí Ọlọ́run bù kún ẹ. Mo mọ ibi tí mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́.

---

Ìyá_Àjọkẹ́_Peckham · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Káàbọ̀, ọmọ mi. Pe ìyá ẹ lórí fóònù kó o tó sùn. Obì yẹn ńkọ́, ó ṣẹ́kù?

---

Alápò_Ẹ̀yìn · 5:06 ìrọ̀lẹ́

Ó ku ẹyọ kan, Mummy. Ó wà lórí tábìlì mi. Ó ti fẹ́ máa gbẹ.

---

Ìyá_Àjọkẹ́_Peckham · 5:08 ìrọ̀lẹ́

Haa! Má jẹ́ kó gbẹ o. Wá ewé tútù, kó o fi wé e.

---

Alápò_Ẹ̀yìn · 5:09 ìrọ̀lẹ́

Ewé wo ni màá rí ní Leeds?

---

Ìyá_Àjọkẹ́_Peckham · 5:11 ìrọ̀lẹ́

Ra kábéèjì.